Ẹ̀yin tó ń ké pe sójà padà, ẹ yà síbí: kí ni ìdìtẹ̀-gbàjọba fi sílẹ̀ fún wa l'Ábẹ́òkúta?

Ọmọ Sápón

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lánàá nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Pánṣẹ̀kẹ́, n ò sì fẹ́ kó tutù kí n tó gbé e wá. Ẹ mọ àwọn tó máa ń dúró ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọn ò ní ra ẹyọ kan. Ọmọkùnrin kan láàárín wọn nawọ́ sí àwòrán Ibrahim Traoré ti Burkina Faso, ó ní, "Ohun tí Nàìjíríà nílò nìyí. Kí sójà wá gbá gbogbo olè yìí dànù." Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó wò ó títí, kò sọ nǹkan kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá yẹn ló ká mi lára. Bí àwọn tó rí i bá ń dákẹ́, ta ni yóò sọ fún àwọn tí kò rí i?

Tí ìlú kan bá wà tó yẹ kó lè sọ̀rọ̀ lórí ìjọba ológun, ìlú tiwa ni. Ẹni tí ikú ọ̀gá rẹ̀ gbé gorí àléfà wà lára wa, Ọbásanjọ́ ní 1976. Ẹni tó wọlé ìbò tí wọ́n wọ́gi lé e wà lára wa, Abíọ́lá ní 1993. Ẹni tí wọ́n gbé sípò tí wọ́n sì yọ kó tó pé oṣù mẹ́ta wà lára wa, Ṣónẹ́kàn, ọdún 1993 yẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìtàn inú ìwé ni mo ń béèrè. Kí ló kù nílẹ̀ lónìí tó jẹ́ pé sójà ló fi sílẹ̀?

Kúnlé Àṣerò

Bọ̀dá, mi ò sí níbẹ̀ lánàá, ṣùgbọ́n ká ní mo wà níbẹ̀ ni, màá pàtẹ́wọ́ tèmi náà. Ẹ má bínú, gbogbo ẹ̀yin àgbà.

Láti 1999 la ti ń dìbò. Kí la rí? Ẹni tó bá jí owó káńsù lónìí, á di sẹ́nétọ̀ lọ́la. A pe aṣòfin, kò dáhùn. A lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ń sún un síwájú. Mali, Burkina, Niger, àwọn yẹn ò gbà. Wọ́n lé àwọn sójà Faransé, wọ́n ní ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ wọn, tiwọn ni. Traoré ò tíì pé ọmọ ọdún 35 nígbà tó gbàjọba ní 2022. Ẹni ọdún mélòó ló ń ṣèjọba lórí wa níbí?

Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì ṣàlàyé fún mi ìdí tí n ó fi bẹ̀rù sójà ju olóṣèlú tí kò jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe.

Tísà Kémta

Kúnlé, ọmọ mi, o ṣeun tó o sọ tẹnu ẹ. N kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ń gbé l'Áṣerò, ṣé o mọ̀ pé ìlú yìí ni ìbọn ìdìtẹ̀ kejì ní Nàìjíríà ti kọ́kọ́ dún?

Jẹ́ n tò ó fún ọ. Oṣù kìíní 1966, àwọn Májọ̀ Nzeogwu àti Ifeajuna pa Tafawa Balewa, wọ́n pa Ahmadu Bello, wọ́n pa Akíntọ́lá n'Íbàdàn, wọ́n pa àwọn ọ̀gá sójà bíi Maimalari àti Adémúlẹ́gùn. Ọ̀pọ̀ ló jó sígboro nígbà yẹn, nítorí ilẹ̀ Yorùbá ń jóná lọ́wọ́, àwọn èèyàn ń wẹ́tìẹ̀ ara wọn: wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ara àti ilé alátakò, wọ́n ń ṣáná sí i. Wọ́n rò pé sójà wá gbà wọ́n ni. Jẹ́nẹ́rà Ironsi gorí àléfà, ó sì ṣe Díkíríì 34 ní oṣù karùn-ún, tó ní kò sí ẹkùn kankan mọ́, abẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà. Àwọn sójà Òkè Ọya ń ka òkú wọn, wọ́n ń wo òfin yìí, inú ń bí wọn.

Alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù keje, ní bárékè tó wà l'Ábẹ́òkúta níbí, àwọn sójà ya wọ mẹ́ẹ̀sì àwọn ọ̀fíṣà. Wọ́n pa ọ̀gá wọn, Lieutenant Colonel Okonweze. Wọ́n pa Major Obienu. Wọ́n pa Lieutenant Orok. Láti ibí ló ti ràn dé Ìkẹjà àti Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti mú Ironsi àti Fájuyì tó gbà á lálejò n'Íbàdàn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì nítòsí Lálúpọn. Lẹ́yìn náà ni pípa àwọn Ìgbò l'Ókè Ọya, lẹ́yìn náà ni Bìáfrà, lẹ́yìn náà ni ogun ọdún méjì ààbọ̀.

Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Aránṣọ Ìgbò kan wà nínú àgbàlá wa ní Kémta, òun ló rán yunifọ́ọ̀mù mi. Ó lọ lóru. Kò lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi í síkàáwọ́ bàbá mi. Gbogbo ọdún tí ogun fi jà, bàbá mi a máa gbé e jáde ní ìkẹ́yìn ọ̀sẹ̀, a fi kẹrosíìnì nu irin ẹ̀, a tún fi aṣọ bò ó. Ọdún 1970 ni ẹni tó ni ín padà wá gbé e. Ó ti gbẹ bí igi. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn jókòó, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà tí àgbàlagbà bá dákẹ́ ní Pánṣẹ̀kẹ́, má rò pé kò lọ́rọ̀.

Kúnlé Àṣerò

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, sà. Òótọ́ ni mi ò mọ ti bárékè yẹn, wọn ò kọ́ wa níléèwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yà nìyẹn, ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ìran tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni ìwà ìbàjẹ́.

Ìyá Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

Ìran tiyín ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ kẹ̀! Lọ ka ohun tí wọ́n ń kọ síra wọn nígbà ìbò 2023.

Ìwà ìbàjẹ́ tó o ń sọ, ohun tí Bùhárí àti Ìdíàgbọn sọ nìyẹn ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983. Ọ̀rọ̀ kan náà. Àwa náà jó. Mo ti ń bá ìyá mi ta adìrẹ nígbà yẹn. Oṣù kẹrin 1984 wọ́n ti bodè, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn lọ pààrọ̀ náírà, wọ́n yí àwọ̀ owó padà. Àwọn tó wá láti Kútọnu tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ wa kò lè wọlé mọ́. Ìyá mi kó owó tó ti ń kó pamọ́ lọ sí báńkì, ìlà gùn dé títì, sójà ń fi kòbókò tò wọ́n. Obìnrin tó lè bí wọn ni wọ́n ń nà o.

Ìrẹsì, mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, ìlà ni gbogbo ẹ̀. "Ẹsẹ́ńkò" là ń pè é, ìyẹn ọjà kòṣeémánìí. Sójà tó ń ṣọ́ ìlà a sì máa gba ẹ̀yìn kó tirẹ̀ lọ. Bábángídá lé wọn lọ ní 1985, a tún jó. Ọdún kejì, ó gbé SAP dé, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Kẹ́míkà aró ni mò ń bá jẹun, òkè òkun ló ti ń wá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fowó kún un. Àwọn ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló pa kòkò aró dé nígbà náà, tí wọn ò ṣí i mọ́.

Èèyàn ń ṣe rere kó tó gba ìbọn lọ́wọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń di nǹkan míì.

Ọmọ Ìta-Ẹ̀kọ́

Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo ṣá o. Ìgbà Ìdíàgbọn, ààtò wà. Èèyàn ń tò wọ mọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé síbi iṣẹ́ lásìkò. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi.

Ìyá Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

Èmi náà rí i. Mo rí àgbà akọ̀wé ìjọba tó pẹ́ kí ó tó dé ibi iṣẹ́, tí sójà tí kò tó ọmọ rẹ̀ ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ààtò yẹn lọ pẹ̀lú kòbókò tó mú un wá. Ọjọ́ tí wọ́n lé wọn lọ ni ìlà tú.

Sáfíà Ọbáńtokò

Ẹ jẹ́ n gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí ilẹ̀, nítorí Ọmọ Sápón béèrè ohun tó *kù*. Ìwé ilẹ̀ ni mo fi ń jẹun, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bá ìjọba ológun pàdé.

Oṣù kẹta 1978, ìjọba ológun ṣe òfin ilẹ̀, Díkíríì 6. Òfin yẹn ní gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀, ìkáwọ́ gómìnà ló wà. Ẹ rò ó wò: ilẹ̀ tí baba ńlá yín fi àdá là, tó ti ń rojọ́ lórí ẹ̀ kí òyìnbó tó fìdí múlẹ̀ níbí, ìwé pélébé kan láti Èkó ló sọ ọ́ di ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ kí ẹ tó lè gbé e fún ẹlòmíràn. Kò sí aṣòfin tó jókòó lé e lórí. Kò sí Aláké tàbí baálé tí wọ́n bi. Ọmọ ìlú wa ló sì wà lórí àléfà nígbà náà, kó má jọ pé àjèjì ló ṣe é.

Wọ́n tún wá mọ odi yí i ká. Kí wọ́n tó gbéjọba lé alágbádá lọ́wọ́ ní 1979 wọ́n kó o sínú ìwé òfin, wọ́n sì tún un ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1999, débi pé bí àwọn aṣòfin bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ọ̀nà tó le tí wọ́n ń gbà tún ìwé òfin ilẹ̀ yìí ṣe ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe nígboro. Títì kan gba inú oko ìyá àgbà kan kọjá, ní apá ibì kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo bá wọn débẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wá ka nǹkan mú ìwé dání: ẹ̀gẹ́ mélòó, ọ̀pẹ mélòó, ọsàn mélòó. Ó ń fi ẹfun sàmì sára igi. Ìyá ní, "Ilẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Ìyá, òfin ò sanwó ilẹ̀ o, ohun tó wà lórí ẹ̀ là ń sanwó fún." Ohun tí òfin sọ nìyẹn lóòótọ́. Ilẹ̀ gbalasa, owó ìṣákọ́lẹ̀ tí èèyàn san lọ́dún yẹn nìkan ni wọ́n lè dá padà fún un, bó bá san kankan rárá. Ìyá yẹn ò mọ Díkíríì 6, kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ Dímkà. Òun gan-an ni wọ́n dìtẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ Sápón

Háà. Sáfíà, ẹ ṣeun. Irú èyí ni mò ń wá.

Fún àwọn tí kò mọ Dímkà: òun ló ṣáájú àwọn tó pa Murtala Mohammed l'Ékòó ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976. Ìdìtẹ̀ wọn ò yọrí, ṣùgbọ́n Murtala ti kú, Ọbásanjọ́ tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ ló bọ́ síbẹ̀.

Kúnlé Àṣerò

Sáfíà, ẹ jẹ́ n bi yín, sà. Ta ló dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀? Sójà ni! Ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976, Murtala. Ká ní kì í ṣe sójà ni, Ìbàdàn la ṣì ń lọ gba gbogbo nǹkan. Òkè-Mósàn ò ní sí. Ẹ ń jẹ ẹ̀bà wọn, ẹ ń bú wọn.

Sáfíà Ọbáńtokò

Ó dáa bó o ṣe mú un wá, mi ò ní sá fún un. Èmi náà ń jẹ nínú ẹ̀. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ní 1967, wọ́n sọ ọ́ di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996. Sójà ló dá gbogbo ẹ̀. Alágbádá ò tíì dá ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ nílẹ̀ yìí. Mid-West ni wọ́n dá, ní 1963, ẹkùn ni nígbà yẹn, àwọn èèyàn ibẹ̀ ló sì dìbò pé àwọn fẹ́ ẹ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn yẹn dìbò. Àwa gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹni tó fúnni ní nǹkan bẹ́ẹ̀, bó ṣe wù ú ló ń pín in. Kano gba ìjọba ìbílẹ̀ 44, Èkó gba 20, Ògùn náà 20. Wọ́n kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ìwé òfin 1999, iye yẹn ni wọ́n sì fi ń pín owó l'Ábújá títí dòní. Ìwé òfin yẹn gan-an, Díkíríì 24 ni, Abdulsalami ló buwọ́ lù ú ní oṣù karùn-ún 1999. Èmi àti ìwọ ni ìlà àkọ́kọ́ inú ẹ̀ ní a jókòó tí a kọ ọ́ o. Nígbà wo la jókòó?

Kópùrà Fẹ̀yìntì, Àdátán

Mo ti ń ka yín látàárọ̀. Iṣẹ́ sójà ni mo ṣe jẹun, n ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ bú wa kọjá ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n n ó sọ èyí fún ọmọ Àṣerò.

Iṣẹ́ ológun ni ìdìtẹ̀ kọ́kọ́ pa, kó tó pa ìlú. Ní bárékè, ẹni tó ṣáájú rẹ wọṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ, ohun tó so ọmọ ogun pọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí Májọ̀ bá di gómìnà, tí ọ̀gá ẹ̀ ní bárékè wá ń dúró de é níta ọ́fíìsì, ó ti tán. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sójú ogun mọ́, ìpínlẹ̀ ni gbogbo ọ̀fíṣà ń wò. Ògùn níbí, láàárín 1984 sí 1987: Díyà, Pópóọlá, Ràjí Ràsákì. Kò sẹ́ni tó dìbò fún ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń gbé akọ̀wé láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn ni wọ́n ń gbé wọn kiri. Gómìnà tí ẹ dìbò fún, Bísí Ọnàbánjọ, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù ú sí.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń pa ara wọn. Jẹ́nẹ́rà Vatsa àti àwọn tí wọ́n ní wọ́n jọ gbìmọ̀ ìdìtẹ̀, wọ́n yìnbọn pa wọ́n ní oṣù kẹta 1986. Májọ̀ Orkar, oṣù kẹrin 1990, ó lọ sórí rédíò pé òun yọ ìpínlẹ̀ márùn-ún l'Ókè Ọya kúrò lára Nàìjíríà. Wọ́n pa òun àti ọ̀pọ̀ lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ọ̀fíṣà tí ìjọba fi owó kọ́ láti kékeré ni gbogbo àwọn yẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹni tó bá gbọ́n jù ní bárékè ni wọ́n ń fura sí jù. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa béèrè pé kí ló dé tí agbára wa ò ká àwọn tó wà nínú igbó.

Ọmọ Gbágùrá

Ẹ jẹ́ n bọ́ sí ti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi báyìí, àwọn ọmọdé ń fi í sùn.

1993. Mo dìbò. Ìlà gùn, kò sí ìjà. Abíọ́lá ti SDP na Tofa ti NRC ní Kano ilé ẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n wọ́gi lé gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan jókòó síbì kan, ó kọ ọ́, ó tán. Nínú oṣù kẹjọ Bábángídá gbé Ṣónẹ́kàn síbẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá Àbáṣà gbà á.

Ẹ rántí 1994, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀? Láti Lafẹ́nwá, ẹsẹ̀ la fi ń rìn dé Ìbarà. Garawa epo tó wà lọ́wọ́ èèyàn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé e sí. Abíọ́lá wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n yìnbọn pa Kudirat ìyàwó rẹ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996. Ọjọ́ 7 oṣù keje 1998 lòun náà kú, lọ́wọ́ wọn, nígbà tí gbogbo ilé ń palẹ̀ mọ́ de ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ọbásanjọ́ pàápàá, tó ti jẹ olórí ìjọba ológun rí, Àbáṣà jù ú sẹ́wọ̀n ní 1995 pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀. Òun àti Abíọ́lá jọ jáde ní Baptist Boys' High School, Abẹ́òkúta níbí. Ìjọba kan náà ló ti àwọn méjèèjì mọ́lé. Ọ̀kan jáde sí Aso Rock, ọ̀kan jáde sí ibojì.

Kúnlé, o ní aṣòfin kò dáhùn ìpè rẹ. Tèmi, ìbò mi ni wọ́n gbà, n ò sì rí ẹni tí n ó pè.

Yọ̀mí Ọmídá

Ká sòótọ́, àwọn kan nínú ẹ̀yin Ẹ̀gbá tó ń sunkún Abíọ́lá yìí ló gba ipò lọ́wọ́ Àbáṣà. Àwọn bàbá yín tó jẹ...

Alábòójútó

Yọ̀mí, mo ti gé ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ. Sọ̀rọ̀ lórí ìjọba, má bú bàbá ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Aké

Yọ̀mí bú èèyàn, kò dáa, ṣùgbọ́n kò parọ́ tán o. Alágbádá ló ń wọ ọkọ̀ tọ sójà lọ pé ẹ wá gbà á. Lẹ́yìn gbogbo ìdìtẹ̀, àwọn olóṣèlú tí wọ́n lé lọ lánàá ni wọ́n ń fi ṣe kọmíṣọ́nnà lọ́la.

Ohun tí mo fẹ́ rán Kúnlé létí ni pé Abẹ́òkúta ti lé alágbára kúrò nípò rí, ìbọn ò sì dún. Àwọn obìnrin ni. Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn ló bí wọn nínú, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ, wọ́n jókòó sí ààfin Aké, wọ́n ń kọrin, wọn ò kúrò. Ìgbà tó di oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá fi ipò sílẹ̀. Wọ́n yọ owó orí obìnrin kúrò. Wọ́n padà gbé Ọba wá nígbà tó yá, ó sì jókòó. Ìyẹn gan-an wà lára ohun tó dára níbẹ̀, pé a lè lé èèyàn lọ, ká tún bá a sọ̀rọ̀.

Obìnrin yẹn kan náà, ó ti lé ní ẹni 75 ọdún nígbà tí ọ̀pọ̀ sójà ya wọ ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977. Wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní oṣù kẹrin 1978. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ ní sójà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló dáná sun ilé náà. Wọn ò fìyà jẹ ẹnì kankan.

Òyìnbó amúnisìn ló wà nídìí àga nígbà tí ìyá yẹn ń kọrin l'Áké, ó sì padà sílé láàyè.

Kúnlé Àṣerò

Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́. Ti sójà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ti Nàìjíríà ayé àtijọ́ ni. Kí ló fi hàn pé àwọn ti ìsinsìnyí yóò ṣe bẹ́ẹ̀?

Tísà Kémta

Wò wọ́n. Gowon ní 1976 lòun máa gbéjọba sílẹ̀. Oṣù kẹwàá 1974 ó ní kò ní ṣeé ṣe mọ́. Bábángídá ní 1990, ó sún un sí 1992, ó sún un sí 1993. Àwọn méjì péré ló lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá: Ọbásanjọ́ ní 1979, Abdulsalami ní 1999.

Wá wo àwọn tó o ń pàtẹ́wọ́ fún. Burkina, ọdún 2024 ló yẹ kí wọ́n parí. Wọ́n fi ọdún márùn-ún kún un. Mali, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká ní oṣù karùn-ún 2025, lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n fún Goïta, sójà tó jẹ́ olórí wọn, ní ọdún márùn-ún tó ṣeé tún ṣe, kò sí ìbò níbẹ̀. Ní Burkina, akọ̀ròyìn àti agbẹjọ́rò tó bá ṣàríwísí, wọ́n ń kó wọn wọ ogun tipátipá. Àwọn agbébọn tí wọ́n ní àwọn tìtorí wọn gbàjọba ńkọ́? Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Orin kan náà ni, onílù ló yí padà.

Ìyá Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

Ti Niger pàápàá dé ilé ìdáná wa. Oṣù keje 2023 tí sójà mú Bazoum ààrẹ wọn, ìjọba wa ti bodè, wọ́n gé iná wọn. Alábàáṣe mi kan ń ta ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ní Kútọ̀, àwọn Hausa tó ń kó o wá fún un ní ọkọ̀ há sí bodè. Àlùbọ́sà ń rà nínú ọkọ̀, èyí tó dé ọjà wọ́n bí ojú. Sójà Niamey ò mọ̀ mí, n ò mọ̀ ọ́n, a jọ san gbèsè ẹ̀.

Kúnlé Àṣerò

Mà, ìjọba alágbádá tiwa ló ti bodè yẹn o, kì í ṣe sójà Niger.

Ìyá Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

O gbà mí mú níbẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i.

Kópùrà Fẹ̀yìntì, Àdátán

Ọmọ yìí gbọ́n. Ká ní o wọṣẹ́ ológun ni, wọn ì bá ti fura sí ọ.

Kúnlé Àṣerò

Ẹ ṣeun, bàbá 😂. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo wà báyìí. Mi ò ní pàtẹ́wọ́ fún sójà mọ́, tí èmi náà ò bá ní rí ẹni tí n ó pè tí ọ̀rọ̀ bá wọ́. Ti ilẹ̀ yẹn ló mú mi jù, torí bàbá mi ní ilẹ̀ ní Ọ̀dẹ́dá tí a ò ní ìwé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Láti 1999 di ìsinsìnyí, alágbádá ò yí Díkíríì 6 padà. Wọn ò yí iye ìjọba ìbílẹ̀ padà. Ọlọ́pàá tí sójà gbà lọ́wọ́ ìbílẹ̀ lẹ́yìn 1966, inú ọwọ́ Àbújá ló ṣì wà. Àmọ̀tẹ́kùn la fi ń ti i. Méjì nínú àwọn tó ṣe ààrẹ látìgbà náà, sójà fẹ̀yìntì ni. Ó jọ pé àwọn alágbádá fẹ́ràn ohun tí sójà fi sílẹ̀. Kí la fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Sáfíà Ọbáńtokò

Ìbéèrè tó yẹ kó o gbé lọ bá ẹni tó ń ṣojú yín l'Ábújá nìyẹn, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú pé òun gbà á. Gómìnà wo ló fẹ́ kí wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ òun? Àwọn ló ń jẹ níbẹ̀. Ìjà yẹn yóò pẹ́.

Ti ilẹ̀ bàbá rẹ ní Ọ̀dẹ́dá, má jẹ́ kó di ọ̀la. Kọ́kọ́ wá sáfíà tó ní ìwé àṣẹ kó wọ̀n ọ́n, kí ẹ rí i pé kò bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti fàlà sí. Kí àwọn mọ̀lẹ́bí tó ni ín buwọ́ lùwé, kó má jẹ́ ẹnì kan péré. Kí ẹ tó wá sọ ti C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń buwọ́ lù.

Àbẹ̀kẹ́ Aké

Sáfíà, èmi náà ní tèmi ní ọ̀nà Àlábàtà. Wọ́n ti fi ẹfun sàmì sára igi ọsàn mi méjì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó wá sọ ohunkóhun fún mi. Ta ni mo lè bá?

Sáfíà Ọbáńtokò

Ẹ ya fọ́tò àwọn igi náà lónìí, gbogbo wọn, kì í ṣe méjì yẹn nìkan, kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀. Kí ẹ sì kàn sí mi níkọ̀kọ̀.